Àjèjì Balẹ̀ sí Abúlé: Ìdí Tí Fíìmù Olówó Kékeré Ìlú Ọba Fi Ń Yé Wa

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà á bẹ́ẹ̀: àwọn fíìmù yìí ò lówó lọ́wọ́. Fíìmù adẹ́rùbani Ìlú Ọba là ń sọ o, pàápàá tayé àtijọ́, níbi tí ẹ̀dá abàmì kan ti máa ń já bọ́ láti ojú sánmà, tí yóò sì fẹ́ gba ayé mọ́ ọmọ ènìyàn lọ́wọ́. Ọkọ̀ tí ẹ̀dá náà gbé wá, bí ẹ bá tiẹ̀ rí i rárá, ó lè jọ ìkòkò tí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Àwọn sójà tó fẹ́ gba ayé là lè má ju mẹ́fà lọ. Ilé ọtí kan, ṣọ́ọ̀ṣì kan, títì kan tí mọ́tò ò kọjá níbẹ̀: gbogbo ayé tí wọ́n ń jà lé lórí náà nìyẹn. Síbẹ̀, àwa kan wà ní Ìlúà tó jẹ́ pé bí iná bá wà, tí dátà sì ṣẹ́ kù, irú fíìmù yìí là ń wá, ká tó wo èyí tí Amẹ́ríkà fi àìmọye mílíọ̀nù dọ́là ṣe.

Àwọn ẹgbẹ́ wa máa ń bi wá pé kí la rí níbẹ̀. Wọ́n ní dúdú òun funfun ni àwòrán ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀dá tó yẹ kó dẹ́rù bani jọ kápẹ́ẹ̀tì. Wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n a ti rò ó síwá-sẹ́yìn, ìdáhùn tí a rí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fíìmù nìkan. Ìtàn ni. Ó gba Ọ̀yọ́ Ilé kọjá, ó gba Òkèhò tó wà nítòsí wa, ó lọ sí Gánà, ó sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ Yorùbá kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ fara balẹ̀ bá wa lọ.

Ìbọ̀wọ́, ewé àti fọ́tò

Ní oṣù kẹfà ọdún 1953, wọ́n dé Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ládé nínú ṣọ́ọ̀ṣì Westminster Abbey, àìmọye èèyàn sì wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní oṣù keje, iléeṣẹ́ BBC bẹ̀rẹ̀ eré alápá mẹ́fà kan tí wọ́n pè ní The Quatermass Experiment. Nigel Kneale ló kọ ọ́. Wọn ò gbà á sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde. Bí òṣèré bá ṣe ń sọ̀rọ̀ ní sítúdíò ni ará ilé ń wò ó. Ìtàn náà ò lọ́jú pọ̀: èèyàn mẹ́ta bá rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sí òfurufú, ẹnì kan ṣoṣo ló padà wálé, kì í sì í ṣe òun nìkan ló padà wá. Nǹkan kan ti wọ inú ara ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yí padà, títí ó fi di ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè pè lórúkọ mọ́. Ibo ló wá lọ fara pamọ́ sí? Inú Westminster Abbey kan náà tí wọ́n ti dé ọbabìnrin ládé.

Owó tí wọ́n máa fi ṣe ẹ̀dá náà ńkọ́? Kò sí. Kneale fúnra ẹ̀ àti Judith Kerr, ẹni tó padà fi ṣe aya, ló jókòó ṣe é. Ìbọ̀wọ́ ni wọ́n mú, wọ́n lẹ ewé mọ́ ọn. Wọ́n ya fọ́tò inú ṣọ́ọ̀ṣì náà kó tóbi gan-an, wọ́n lu ú níhò, Kneale ki ọwọ́ méjèèjì bọ ihò náà, ó ń jó ìka. Ohun tó dẹ́rù ba orílẹ̀-èdè kan odindi nìyẹn.

Iléeṣẹ́ fíìmù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Hammer ra ìtàn náà, wọ́n sì gbé e jáde ní 1955. Nígbà yẹn, bí fíìmù bá le jù fún ọmọdé, àwọn aláṣẹ á fún un ní àmì X, ìtumọ̀ ẹ̀ sì ni pé ẹni tí ò tíì pé ọdún 16 ò gbọdọ̀ wò ó. Dípò kí Hammer máa fi àmì náà pamọ́, wọ́n yọ lẹ́tà E kúrò nínú orúkọ fíìmù, wọ́n pè é ní The Quatermass Xperiment. Ọgbọ́n ọlọ́jà nìyẹn. Owó tó wọlé lórí ẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n máa ṣe irú ẹ̀ lọ.

Látìgbà náà ni wọ́n ti ń tẹ̀ léra wọn. The Earth Dies Screaming ti 1964 kọjá wákàtí kan díẹ̀ ni: èèyàn díẹ̀ há sí abúlé kan, rọ́bọ́ọ̀tì ń rìn gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀ kiri títì, òkú ń dìde. Nínú Night of the Big Heat ti 1967, àwọn ẹ̀dá kan mú kí erékùṣù kékeré kan gbóná nígbà òtútù, ìyẹn nígbà tó yẹ kí gbogbo èèyàn máa gbọ̀n. Gbogbo wọn jókòó sí ilé ọtí, wọ́n ń làágùn, wọ́n ń bú ara wọn. Ká sòótọ́, ibẹ̀ la ti rẹ́rìn-ín jù. Ooru tí wọ́n ń torí ẹ̀ kú yẹn, oṣù kẹta lásán ni lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò dé lópin fíìmù, tó sì pa àwọn ẹ̀dá náà, ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Ọmọ Òkè-Ògùn mọ ohun tí òjò àkọ́rọ̀ ń gbà lọ́wọ́ èèyàn.

Aṣọ ni, a mọ̀ pé aṣọ ni

Kí nìdí tí ìbọ̀wọ́ àti ewé fi ń dẹ́rù bani? Àwọn tó ń kọ̀wé nípa fíìmù ní Ìlú Ọba ní àlàyé tiwọn. Àwa ò ní láti lọ jìnnà. Ilẹ̀ Ọ̀yọ́ la ti wá, ilẹ̀ egúngún ni. Aṣọ ni egúngún ń wọ̀. Nígbà mìíràn a mọ télọ̀ tó rán an, a mọ ọjà tí wọ́n ti ra aṣọ náà. Síbẹ̀, bó bá yọ ní ìkóríta, tí pàṣán ń lọ lójú afẹ́fẹ́, ẹsẹ̀ wa ò ní dúró béèrè iye tí wọ́n ra ìwọ̀n aṣọ kan. Ará ọ̀run là ń pè é. Ẹ tún ọ̀rọ̀ náà gbọ́: ará ọ̀run. Ẹni tó ti ojú ọ̀run wá.

Nítorí náà, a ti mọ̀ tipẹ́ pé kì í ṣe owó ló ń sọ nǹkan di abàmì. Àdéhùn láàárín ẹni tó ń ṣeré àti ẹni tó ń wò ó ni. Bí o bá gbà láti bẹ̀rù, aṣọ tó. Bí o ò bá gbà, mílíọ̀nù dọ́là ò tó.

Ó wá yani lẹ́nu pé àwọn ará Ìlú Ọba kan náà tó ń bẹ̀rù ìbọ̀wọ́ gbà nígbà kan rí pé àwa ni fíìmù ò lè yé. Ní 1939, ìjọba amúnisìn dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tó ń ṣe fíìmù fún àwọn èèyàn tí wọ́n ń jọba lé lórí, Colonial Film Unit lorúkọ ẹ̀. William Sellers, tó ti ṣe iṣẹ́ ìlera ní Nàìjíríà, ló ṣáájú níbẹ̀. Ọ̀kadà ò tíì dé ìgbà yẹn. Mọ́tò ńlá ló ń gbé ẹ̀rọ fíìmù lọ sáwọn ìlú. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ọpọlọ aláwọ̀ dúdú ò yára, pé kí àwòrán máa rìn pẹ̀lẹ́, kí wọ́n má gé e lójijì. Ìtàn kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ náà fẹ́ràn láti máa sọ: pé wọ́n fi ẹ̀fọn han àwọn ará abúlé, ẹ̀fọn náà sì gba gbogbo ara ògiri. Ni àwọn èèyàn bá ní àwọn dúpẹ́ o, kò sí ẹ̀fọn tó tóbi tó báyìí lọ́dọ̀ àwọn.

Wọ́n ń fi ìtàn yẹn rẹ́rìn-ín òmùgọ̀ sí wa. Èyí tó jọ wá nínú ẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí àgbàlagbà Yorùbá ṣe ń fi ọ̀wọ̀ da ẹ̀yìn àlejò tó ń ṣe bí ọ̀gá sẹ́yìn, yóò tún ìtàn náà gbọ́ lọ́nà mìíràn.

Àjèjì kan dé Ọ̀yọ́ Ilé

Ẹ̀rí wà pé a mọ bí wọ́n ṣe ń fi àjèjì ṣeré, kí ẹ̀rọ fíìmù tó dáyé rárá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1826, Hugh Clapperton, ará Skọ́tláǹdì tó gba Badagry wọlé, dé Ọ̀yọ́ Ilé. Aláàfin gbà á lálejò, wọ́n sì pè é wá wo eré ní iwájú ààfin. Clapperton kọ ohun tó rí sínú ìwé ìrìnàjò ẹ̀. Àwọn kan kọ́kọ́ jó nínú àpò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ejò ńlá kan ṣeré. Apá kẹta ni wọ́n fi ṣe àṣekágbá: nǹkan kan yọ jáde nínú àpò, ó funfun, ó tín-ín-rín, òtútù ń mú un. Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ń gún un. Ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. Àwọn èèyàn ń wo eré, wọ́n ń wo Clapperton, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Òun ni wọ́n ń sín jẹ. Àwọn òṣèré ààfin, tí eré alárìnjò ti ọ̀dọ̀ wọn wá, ti fi aṣọ àti ẹfun lásán ṣe òyìnbó. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bi wá pé ìgbà wo ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré olówó kékeré tí àjèjì aláwọ̀ àràmàǹdà wọ̀lú, ohun tí a máa sọ nìyí: Ọ̀yọ́ Ilé, 1826, ẹni tí wọ́n fi ṣeré sì jókòó láàárín àwọn tó ń wò ó.

Nígbà yẹn, ẹ̀rín ni. Òyìnbó kan tó ń gbọ̀n kì í ṣe ewu. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọdún mọ́ wa. Ní 1892, Ìlú Ọba ja Ìjẹ̀bú lógun ní Ìmagbọn, ìbọn Maxim sì wà lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1895, Captain Bower yìnbọn ńlá lu Ọ̀yọ́. Ní oṣù kejì ọdún 1897, wọ́n wọ Benin, wọ́n kó ère ààfin lọ.

Ní ọdún 1897 yẹn gan-an, òǹkọ̀wé Ìlú Ọba kan, H. G. Wells, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìtàn kan jáde nínú ìwé ìròyìn Pearson's. The War of the Worlds ni. Ó di odindi ìwé ní 1898. Àwọn ẹ̀dá láti ayé kejì tí wọ́n ń pè ní Mars ni wọ́n wá gba Ìlú Ọba. Ohun ìjà wọn ju tàwọn onílé lọ fíìfíì, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni dúnàá-dúrà. Wells ò fi ibi tó ti rí ìtàn náà pamọ́: ó ní ẹ̀gbọ́n òun, Frank, ló mú un wá, níbi tí wọ́n ti ń sọ ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe sí àwọn ará Tasmania. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ó rọ òǹkàwé kó rántí àwọn ará Tasmania kó tó dá àwọn ará Mars lẹ́bi.

Gbogbo fíìmù tí a ń sọ yìí, ọmọ ìwé yẹn ni wọ́n. Ìbéèrè kan ló bí wọn: bí ohun tí a ṣe fún ẹlòmíràn bá dé bá àwa náà ńkọ́? Ará Ìlú Ọba ní láti ro ó lérò ni. Àwa ò ní láti rò ó. Kódà ìparí ẹ̀ ò ṣàjèjì sí wa. Kòkòrò àìfojúrí ló pa àwọn ará Mars, gẹ́gẹ́ bí ibà àti ọ̀rìn ṣe pa àìmọye òyìnbó ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kí oògùn quinine tó kárí. Clapperton fúnra ẹ̀ ò padà sílé. Sókótó ló kú sí ní 1827.

Ẹni tó ń ṣẹnu fún àjèjì

Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí àwọn ará Mars balẹ̀ sí. Kì í ṣe ààfin, kì í ṣe àárín Lọ́ńdọ̀nù. Pápá Horsell ni, nítòsí ìlú Woking. Nígbà tí àwọn onífíìmù olówó kékeré dé, àìlówó ló mú kí wọ́n tẹ̀ lé e: ìlú ńlá wọ́n láti wó lulẹ̀, abúlé ò wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí àìlówó fún wọn ni òótọ́. Bí ogun bá dé, ìlú kékeré ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀, òun ni wọ́n sì máa ń gbà gbọ́ kẹ́yìn.

Quatermass 2, tó jáde ní 1957, ló sọ èyí jù. Wọ́n wó abúlé kan palẹ̀, wọ́n kọ́ iléeṣẹ́ ńlá sí ibẹ̀. Wọ́n ní oúnjẹ ni wọ́n fẹ́ máa ṣe. Ilé ìfọpo Shell Haven ní Essex ni wọ́n ti ya ibi iléeṣẹ́ náà, nítorí owó ò sí láti kọ́ tiwọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ríṣẹ́, wọ́n rílé, wọ́n sì gbà láti má béèrè ọ̀rọ̀. Lójoojúmọ́ ni òkúta ń já bọ́ láti òkè. Ẹni tí èéfín inú ẹ̀ bá fẹ́ sí lójú, àmì kan á yọ sí i lára, á sì di ẹrú ẹ̀dá tó wà nínú àwọn táńkì ńlá yẹn. Àwọn tó ní àmì náà lójú ni ọ̀gá ọlọ́pàá àti àwọn lọ́gàálọ́gàá ìjọba. Kò sí ẹni tí o lè fi ẹjọ́ sùn. Ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rí i pé wọ́n ti pa èèyàn láàárín àwọn ni wọ́n tó dìde, wọ́n wọ́ lọ sí iléeṣẹ́ náà.

Ìtàn tí àwa mọ̀ nílé la rí nínú ẹ̀. Ìlúà àti Òkèhò ò jìnnà síra. Ìjọba Ìbílẹ̀ Kájọlà kan náà la wà. Òkèhò àtijọ́ wà láàárín àwọn òkè. Ọ̀pọ̀ ìletò ló kóra jọ síbẹ̀ nítorí ogun, kí òkúta lè ṣe odi fún wọn. Nígbà tí ìjọba òyìnbó dé, kò wá bá wọn jà lórí òkè. Ó gba ẹnu èèyàn wọn sọ̀rọ̀. Lábẹ́ Captain Ross, tó jẹ́ aláṣẹ Ìlú Ọba ní Ọ̀yọ́, agbára Aláàfin lórí àwọn ìlú tó yí i ká pọ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, kóòtù tuntun sì dé. Ọba ìlú, tó jẹ́ pé ìgbìmọ̀ àti aráàlú ló ń dá a lẹ́kun tẹ́lẹ̀, wá ní ẹni tó ń tì í lẹ́yìn láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò rí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1916, Òkèhò àti Ìṣẹ́yìn dìde. Onjó, ọba Òkèhò, wà lára àwọn tí wọ́n pa. Ìjọba kó sójà wá, wọ́n tẹ ìjà náà rì. Nígbà tó fi máa di 1917, wọ́n ti ní kí Òkèhò kúrò láàárín òkè wá sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, níbi tó wà títí dòní. Odi òkúta tí ogun ò lè wọ̀, ìwé àṣẹ ló tú u.

A ò gbé ìpànìyàn lárugẹ. Ohun tó dùn wá jù nínú ìtàn náà ni pé ọmọ ìlú ló pa ọmọ ìlú. Ẹni tó ni agbára gan-an jókòó sí ọ́fíìsì ẹ̀, kò fara gbọgbẹ́. Bí Quatermass 2 ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn: ẹni tí o mọ̀, tó ń kí ọ láàárọ̀, òun ni àjèjì ń fi ẹnu ẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn baba wa ti sọ pé bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fíìmù adẹ́rùbani tiwa, láti Ayé ti Hubert Ogunde títí dé Kòtò Ọ̀run ti Yékínì Àjìlẹ́yẹ, ò fi ń wá ọ̀tá lọ sí òfurufú. Inú agbo ilé ni ọ̀tá wọn wà.

Kódà Village of the Damned, fíìmù 1960 tí wọ́n ṣe látinú ìwé John Wyndham, agbo ilé ló jókòó sí. Gbogbo ará abúlé kan sùn lọ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí wọ́n jí, gbogbo obìnrin tó lè bímọ ti lóyún. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí gbọ́n jù, wọ́n dákẹ́ jù, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìlanu, ojú wọn sì ń tàn. Ará Ìlú Ọba ní láti ronú kó tó mọ ohun tó ń wò. Ìyá àgbà èyíkéyìí ní Ìlúà, ìṣẹ́jú kan péré ló máa wò ó kó tó sọ pé: emèrè ni wọ́n, ẹgbẹ́ wọn ń pè wọ́n. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ìyá tó bí wọn ṣì fẹ́ràn wọn. Kò sí bọ́ǹbù tó lè yanjú ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́ǹbù ni wọ́n fi parí fíìmù náà.

Ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi pe àwa náà

Dé ibi tí a dé yìí, ó lè dà bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo la wà nínú ìtàn náà: àwa ni onílé, ẹlòmíràn ni àjèjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹ̀dá inú fíìmù yìí ni alien. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà gbé òfin kan jáde tí wọ́n pè ní Aliens Compliance Order: àjèjì tí ò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó máa lọ. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tí òfin náà lé jẹ́ Yorùbá, láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ṣakí, Ìgbòhò, Ìgbẹ́tì. Oníṣòwò ni wọ́n. Wọ́n ti wà ní Kumasi àti Tamale fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí àwọn mìíràn nínú wọn, èdè ibẹ̀ sì yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ méjì láti ta ṣọ́ọ̀bù, láti gba gbèsè, láti di ẹrù.

Ẹ rò ó wò. Ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n fi ń pe ẹ̀dá tó ń jáde nínú àpáta lójú fíìmù ni wọ́n fi pe ìyá oníṣòwò kan láti Òkè-Ògùn nínú ìwé òfin. Kò sí ewé lára ẹ̀, kò sí àmì lójú ẹ̀. Igbá ọjà ló rù.

Kí a má sì gbàgbé pé àwa náà ṣe é. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà lé àwọn àjèjì tí ò níwèé lọ, àwọn ará Gánà ló sì pọ̀ jù. Báàgì ńlá onílà tí wọ́n fi di ẹrù, títí dòní là ń rà á lọ́jà, Ghana Must Go la sì ń pè é, bí ẹni pé orúkọ lásán ni.

Ibi tí fíìmù olówó kékeré ti ń jàre ti olówó ńlá nìyí. Níbi tí owó bá pọ̀, àjèjì á ní ọkọ̀ tó tóbi ju ìlú lọ, ẹsẹ̀ á pé mẹ́jọ, o ò ní ṣì í mú. Níbi tí owó ò sí, èèyàn ló máa ṣe àjèjì. O ò ní lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n. O ní láti wo ìwà.

Ọmọ Adégbóyèga àti àsíá

Ní 2011, Joe Cornish ṣe Attack the Block. Fíìmù kékeré ni, tí ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Hollywood. Ilé gogoro kan tí àwọn tálákà ń gbé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ló di abúlé tuntun. Wyndham Tower ni wọ́n pe ilé náà, orúkọ òǹkọ̀wé tó kọ ìtàn àwọn ọmọ olójú títàn yẹn. Ẹni tó ṣe olórí nínú eré náà ni John Boyega, ọmọ tí òbí ẹ̀ wá láti Nàìjíríà, tí wọ́n bí sí Peckham ní 1992. Adégbóyèga ni orúkọ ìdílé ẹ̀ gan-an. Fíìmù àkọ́kọ́ tó ṣe nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ni gbogbo ayé rí i nínú Star Wars.

Moses lorúkọ tó jẹ́ níbẹ̀. Ó ń jalè nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀: òun àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ dá ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́nà. Láìpẹ́, nǹkan já bọ́ láti ojú ọ̀run. Moses pa á. Àwọn tó tóbi jù ú lọ wá ń wá a kiri. Aṣọ ni wọ́n fi ṣe àwọn ẹ̀dá náà, èèyàn ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n dúdú biribiri, wọn ò lójú, eyín wọn nìkan ló ń tàn. Ọlọ́pàá dé, ṣùgbọ́n Moses ni wọ́n rí. Nínú gbogbo ohun dúdú tó ń sáré lálẹ́ ọjọ́ náà, òun ni wọ́n mọ̀ pé kí wọ́n mú.

Lópin ẹ̀, Moses fẹ̀mí ara ẹ̀ wewu láti fa gbogbo àwọn ẹ̀dá náà sójú kan. Iná bú, ó já síta láti ojú fèrèsé, àsíá Ìlú Ọba tó rọ̀ níbẹ̀ ló dì mú. Ọmọ tí wọ́n ń wò bí àjèjì rọ̀ mọ́ àsíá ìlú tí wọ́n bí i sí, kó má bàa já. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó jà lólè yẹn sọ fún ọlọ́pàá pé ó gba òun là, àwọn aládùúgbò sì ń pariwo orúkọ ẹ̀ nísàlẹ̀. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n, kò sí sójà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n nílé ló mọ ohun tó ṣe.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ìbẹ̀rù ajínigbé ti wọ oko wa. Ewu náà kì í ṣe àròsọ, àwọn tó ń sọ igbó lóru ò sì ṣeré. Ṣùgbọ́n bí ìbẹ̀rù bá ti wọ̀lú, kíá ló máa ń fẹ́ ojú kan tí yóò lẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń ta wàrà lọ́jà wa láti ọdún pípẹ́, ẹni tó ti Benin rékọjá wá ṣiṣẹ́ oko, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó láti sọ wọ́n di ẹ̀dá inú fíìmù. Nígbà kan náà, ẹni tó ń ta ìlú gan-an lè máa jókòó pẹ̀lú wa níbi ìpàdé, kí àmì má sì hàn lójú ẹ̀.

Ìdí tí a fi fẹ́ràn àwọn fíìmù yìí nìyẹn. Wọ́n kéré tó ìlú wa. Wọ́n ń bèèrè ohun tó yẹ kí ìlú kékeré máa bèèrè: ta ló kọ́kọ́ rí i, ta ni ò gbà á gbọ́, ta ló ń jẹ lórí ẹ̀, ta la fẹ́ sáré dá lẹ́bi? Bí ẹ ò bá tíì wo ìkankan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí Quatermass 2, kí ẹ tún wo Attack the Block. Bí àwọn kan nínú yín bá sì ní fóònù tó ń ya fídíò dáadáa, òkúta wà ní Òkè-Ògùn, ọyẹ́ ń bọ̀, aṣọ ò sì wọ́n jù lọ́jà. Àwọn òṣèré Ọ̀yọ́ Ilé ò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́.